Dátábéèsì fún ilé ìwòsàn ẹranko tó tún ń gba ajá àlejò (Àjàṣẹ́)

Akọ̀wé_Wàǹdó (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ akọ̀wé ni mò ń ṣe ní ilé ìwòsàn ẹranko kan níbí, kò jìnnà sí ọjà Wàǹdó. Dókítà méjì ló wà níbẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ náà sì ń bẹ. Ẹ̀yìnkùlé wa tóbi, a ṣe àgò méjìlá síbẹ̀, torí pé a tún máa ń gba ajá àlejò: ẹni tó bá ń rìnrìn àjò á fa ajá rẹ̀ lé wa lọ́wọ́, a ó máa bọ́ ọ, a ó máa mú un rìn, títí ẹni tó ni ín yóò fi dé. Nígbà Iléyá àti ní ìparí ọdún, àgò kì í tó.

Inú kàyé (ìwé àkọsílẹ̀) ni gbogbo rẹ̀ wà títí di òní. Kàyé ìwòsàn wà lọ́tọ̀, ti àlejò wà lọ́tọ̀, ti abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ti owó náà wà lọ́tọ̀. Ọ̀gá ti wá ní kí n kó o sórí kọ̀ǹpútà. Mo mọ SQL, èdè tí a fi ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, díẹ̀, ìwọ̀nba tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́. Tábìlì tí mo là sílẹ̀ nìyí: AJÁ, OLÓGBÒ, EWÚRẸ́, ONÍBÀÁRÀ, ÌWÒSÀN, ÀLEJÒ. Nọ́ńbà fóònù ni mo fẹ́ fi ṣe kọ́kọ́rọ́ ONÍBÀÁRÀ (ohun tí a fi ń dá ìlà kọ̀ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀), torí pé ti ẹnìkan kì í bá ti ẹlòmíràn dọ́gba. Nínú AJÁ, mo fi òpó mẹ́ta (àyè tó lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ tábìlì) sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́: abere1, abere2, abere3.

Ibi tó ti há mi rèé. Ajá tó wá ṣe àlejò, tó wá ṣàìsàn lọ́jọ́ kẹta, ṣé inú ÀLEJÒ ni n ó kọ ọ́ sí ni àbí inú ÌWÒSÀN? Tí mo bá kọ ọ́ sí méjèèjì, ajá kan á di méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Ọmọ_Àkábà (Kétu)

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Kàyé mẹ́rin yẹn ni ẹ gbé wọnú kọ̀ǹpútà bó ṣe wà, ìyẹn ló fà á tí ajá fi ń wá ibi tí yóò jókòó sí. Ẹ gbàgbé kàyé ná. Ẹ bi ara yín: kí ló wà, kí ló sì ń ṣẹlẹ̀? Ajá wà, ènìyàn wà, àgò wà, dókítà wà. Ìtọ́jú ń ṣẹlẹ̀, ìgbàlejò ń ṣẹlẹ̀, abẹ́rẹ́ ń ṣẹlẹ̀, owó sísan ń ṣẹlẹ̀. Ohun tó wà, ìlà kan ṣoṣo ló ní nínú tábìlì rẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìgbàkígbà tó bá ṣẹlẹ̀ ni ẹ ó ṣí ìlà tuntun fún un, ìlà náà á sì tọ́ka sí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí.

Nítorí náà, ajá tó ṣàìsàn lọ́jọ́ kẹta: ìlà rẹ̀ nínú ÌGBÀLEJÒ wà bó ṣe wà. Ẹ ṣí ìlà kan nínú ÌTỌ́JÚ, kí ó ní nọ́ńbà ẹranko náà, kí ó sì tún ní òpó kan tó ń tọ́ka sí ìgbàlejò yẹn. Òpó yìí lè ṣófo, torí pé ọ̀pọ̀ ìtọ́jú ni kò bá ìgbàlejò tan. Ajá ṣì jẹ́ ọ̀kan, ẹ sì ti lè béèrè pé mélòó nínú àlejò wa ló ṣàìsàn lọ́dọ̀ wa lọ́dún tó kọjá. Ọ̀gá yín á fẹ́ mọ̀ ọ́n, bí kò tilẹ̀ ní fẹ́ kí oníbàárà gbọ́.

Tábìlì kan ṣoṣo, ẸRANKO, ló yẹ kó gba ajá, ológbò àti ewúrẹ́. Òpó "iru" ni yóò sọ èyí tó jẹ́. Bí ẹ bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ehoro wá ẹ ó tún ṣe tábìlì mìíràn, ìbéèrè kan náà ni ẹ ó sì máa bi dátábéèsì lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ní ti abere1, abere2, abere3, ọjọ́ tí ajá bá gba ẹ̀kẹrin ńkọ́? Ẹ ya ABẸ́RẸ́ sọ́tọ̀: ẹranko wo, àjẹsára wo, ọjọ́ tí wọ́n gún un, ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán, nọ́ńbà lọ́ọ̀tì (ti ìpín oògùn tí wọ́n jọ ṣe), dókítà tó gún un. Àti ọdún 1970 tí Edgar Codd ti gbé ìlànà tábìlì yìí kalẹ̀ ní IBM ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé kí a má to nǹkan tó jọra sí òpó tó tẹ̀lé ara wọn.

Fóònù kò ṣe é fi ṣe kọ́kọ́rọ́ rárá. Ẹ rántí 30 oṣù Kọkànlá 2024. Títí di ìgbà náà, òǹkà mẹ́jọ ni nọ́ńbà fóònù ní ilẹ̀ Benin. Lọ́jọ́ náà, 01 wọ iwájú gbogbo wọn, wọ́n di mẹ́wàá. Ẹni tó fi fóònù ṣe kọ́kọ́rọ́ rí gbogbo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tó yí padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àti gbogbo tábìlì tó ń tọ́ka sí wọn. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fún ènìyàn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kò túmọ̀ sí nǹkan kan, 1, 2, 3, kí fóònù jẹ́ òpó lásán.

BàbáRẹ̀mí (Ṣábẹ)

Ẹ̀yin ọmọ yìí fẹ́ràn wàhálà. Excel ńkọ́? Ọgbà àgùntàn ni mo ní níbí, Excel ni mo fi ń kọ ọ́, ó sì ń bá mi ṣe é. Èyí tó bá ń ṣàìsàn, mà á kùn ún ní pupa. Iná sì lè lọ nígbàkígbà. Ta ni yóò wá bá akọ̀wé tún dátábéèsì ṣe tí iná bá lọ láàárín iṣẹ́?

Ṣadé_Pobẹ̀ (Pobẹ̀)

Bàbá wa, a kí yín o. Fún ẹnìkan tó ń kọ nǹkan tirẹ̀, Excel tó. Ọ̀dọ̀ akọ̀wé, dókítà méjì àti òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa kọ ọ́ lásìkò kan náà. Ẹ tún wo ohun tí Excel ń ṣe fún nọ́ńbà: ẹ tẹ fóònù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 01 sí i, òdo iwájú á pòórá, torí ó rò pé ẹ fẹ́ fi ṣírò ni. Ṣíìpù ìdánimọ̀ tí wọ́n ń gún sábẹ́ awọ ọrùn ajá ní òǹkà 15. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sí Excel, á kọ 2,04E+14 síwájú yín. Tí ẹ bá wá tọ́jú fáìlì náà sí CSV (fáìlì ọ̀rọ̀ lásán) bẹ́ẹ̀, ìyókù òǹkà ti lọ nìyẹn.

Akọ̀wé, kódà nínú dátábéèsì, ọ̀rọ̀ ni kí ẹ pe fóònù àti ṣíìpù, ẹ má pè wọ́n ní iye. TEXT ni. Kò sẹ́ni tó ń ro ṣíìpù ajá méjì pọ̀. Ẹ má sì rò pé òǹkà mẹ́ta àkọ́kọ́ ni yóò máa sọ orílẹ̀-èdè fún yín nígbà gbogbo: 204 ni ti Benin, àmọ́ ọ̀pọ̀ ṣíìpù ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 9 tó jẹ́ nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tó ṣe é.

Ní ti iná, SQLite, ètò dátábéèsì kékeré kan, ni mà á ní kí ẹ lò ní tiyín. Fáìlì kan ṣoṣo ni, kò nílò sáfà (kọ̀ǹpútà àárín gbùngbùn) kankan. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ohun tí kò tíì parí á fagi lé ara rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tún ṣí i, èyí tó ti parí á wà níbẹ̀. Bàbá, Excel kò lè ṣe irú ìlérí yẹn fún yín.

Ọmọ_Àkábà (Kétu)

Mo fara mọ́ SQLite, àmọ́ ẹ fetí sí èyí: SQLite kì í ṣọ́ ìtọ́kasí láàárín tábìlì àyàfi tí ẹ bá sọ fún un. Ìgbàkígbà tí ètò yín bá ṣí fáìlì náà, ohun tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ni

PRAGMA foreign_keys = ON;

Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lè pa ajá kan rẹ́ kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa rìn kiri láìní ẹni tó ni ín, kò sì ní í ké. Ní ti kíkọ ọjọ́, SQLite kò ní irú àkọsílẹ̀ kan pàtó fún un, bí ọ̀rọ̀ ni kí ẹ fi í pamọ́. Ẹ máa kọ ọ́ ní ọdún-oṣù-ọjọ́, 2025-03-09. Bí ẹ bá kọ 09/03 bí a ṣe ń kọ ọ́ níbí, kọ̀ǹpútà tó ń ronú bí ará Amẹ́ríkà á kà á sí oṣù Kẹsàn-án, kò sì ní í tò wọ́n bó ṣe yẹ.

Dókítà_Ìfọ̀nyìn (Ìfọ̀nyìn)

Mo ka gbogbo rẹ̀. Dókítà ẹranko ni mí, n kò mọ SQL, àmọ́ mo mọ ibi tí àkọsílẹ̀ ti máa ń já wa kulẹ̀.

Ẹ má kọ ọjọ́ orí. Ajá tó jẹ́ ọdún méjì lónìí kò ní í jẹ́ ọdún méjì lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Ọjọ́ ìbí ni kí ẹ kọ. Tí ẹni tó ni ín kò bá mọ̀ ọ́n, dókítà yín á wo eyín, á fojú bù ú, ẹ ó sì fi òpó kékeré kan sí i pé ìfojúbù ni. Ìwọ̀n náà, ìlà ìtọ́jú ni kó wà, kì í ṣe ìlà ẹranko. Kílò ni a fi ń mọ bí oògùn yóò ti pọ̀ tó. Bí mo bá sì rí i pé ajá tó jẹ́ kílò 18 ní oṣù Kẹta ti di 14 ní oṣù Karùn-ún, mo ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é kí n tó fọwọ́ kàn án. Tí akọ̀wé bá pa 18 rẹ́ kó tó kọ 14, kí ni mo fẹ́ rí?

Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ló jẹ mí lógún jù. Ajá tí àjẹsára rẹ̀ kò wúlò mọ́ kò yẹ kó wọ àárín àwọn yòókù. Ẹni tó bá ń ṣe ètò á kọ ọ́ pé: ní ọjọ́ ìwọlé, ṣé abẹ́rẹ́ ṣì wúlò? Kò tó. Ajá wọlé ní ọjọ́ kẹwàá, abẹ́rẹ́ rẹ̀ tán ní ọjọ́ kejìlá, ogúnjọ́ ni yóò tó lọ. Ọjọ́ mẹ́jọ ni yóò fi wà níbẹ̀ láìsí ààbò lórí ìwé, ètò yín kò sì sọ nǹkan kan. Ọjọ́ ìjáde ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Ẹ má sì jẹ́ kí abẹ́rẹ́ tuntun bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń mú ajá lọ sí Faransé máa ń wá béèrè ìwé lọ́wọ́ wa. Òfin Yúróòpù ni pé ṣíìpù gbọ́dọ̀ ti wà lára ajá kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi tàbí lọ́jọ́ kan náà, kí ajá sì ti pé ọ̀sẹ̀ 12. Láti ilẹ̀ tiwa, tí kò sí nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ sílẹ̀, a tún gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó kéré tán ọjọ́ 30 lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Èsì rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n agbára ààbò inú ẹ̀jẹ̀, kò gbọdọ̀ dín sí 0,5 IU nínú mílílítà kan. Oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn gbígba ẹ̀jẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ òfúrufú. Bí ẹ bá ń tún abẹ́rẹ́ gún kí ti ìṣáájú tó tán, àyẹ̀wò yẹn ṣì wúlò. Tí ó bá já lọ́jọ́ kan péré, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n fi ṣíìpù sí i gbọ́dọ̀ ní òpó tirẹ̀, gbogbo abẹ́rẹ́ tó ti gbà rí sì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ajá tó gé ènìyàn jẹ ńkọ́? Ọjọ́ 10 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a fi ṣọ́ ọ. Ó wà nínú àgò bí àlejò, àmọ́ ẹni tó ni ín kò lè wá mú un lọ nígbà tó bá wù ú. Ẹ fi òpó "idi" sínú ÌGBÀLEJÒ: ìrìn àjò, ìṣọ́ ajá tó géni jẹ, ìmúláradá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Akọ̀wé_Wàǹdó (Àjàṣẹ́)

Dókítà, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Àkábà, Àǹtí Ṣadé, ẹ ṣeun. Mo ti fọ́ ilé ọ̀hún, mo sì ń tún un kọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ajá ló kù tó ń yọ mí lẹ́nu. Níbí, ajá lè jẹ́ ti agboolé. Ọmọ kékeré á fà á wá, ìyá àgbà á sọ ohun tó ń ṣe é, ẹ̀gbọ́n tó wà ní Kútọnu á fi MoMo (owó orí fóònù) sanwó, bàbá tó wà ní Paris á sì pè láti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má là á. Ta ni mo fẹ́ kọ sí òpó "oni"? Orúkọ ajá náà kò ràn mí lọ́wọ́. Tanímọ̀la mẹ́ta ló wà nínú kàyé wa, Bobby kò sì lóǹkà.

Ọmọ_Àkábà (Kétu)

Ẹ yọ òpó "oni" kúrò pátápátá. Ẹ ṣe tábìlì kan sáàárín ẸRANKO àti ÈNÌYÀN, kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní: ẹranko, ènìyàn, ipa, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí. Ipa ni: ẹni tó ni ín, ẹni tó ń sanwó, ẹni tó lè fọwọ́ sí iṣẹ́ abẹ, ẹni tó lè wá gbà á jáde. Ènìyàn kan lè ní ipa mẹ́ta lára ajá kan, ajá kan sì lè ní ènìyàn márùn-ún.

Ipa tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ dúró lé. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá dé tó ní àbúrò oníbàárà yín ni òun, òun wá mú ajá, ẹ kò ní í máa wo ojú rẹ̀. Ẹ wo tábìlì. Orúkọ rẹ̀ wà tàbí kò sí. Ọjọ́ ìparí sì wà fún ajá tí wọ́n tà tàbí tí wọ́n fi tọrẹ: ẹ fi ọjọ́ parí ìlà ẹni àkọ́kọ́, ẹ ṣí tuntun. Ìtàn àìsàn rẹ̀ tẹ̀lé ajá lọ, gbèsè kù sọ́rùn ẹni tó jẹ ẹ́.

Orúkọ ènìyàn náà ní wàhálà tirẹ̀. Ẹnìkan ń jẹ́ Ọlátúnjí, ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ kọ Olatoundji, ọmọ iṣẹ́ yín á kọ Olatunji. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà nínú ìwé ìdánimọ̀, kí ẹ wá ní òpó kejì tí ẹ ó fi máa wá a. Àdírẹ́sì, ẹ má gé e sí wẹ́wẹ́ bí ti òyìnbó, ìlú, òpópónà, nọ́ńbà ilé. Kàré (nọ́ńbà ilẹ̀ ní àdúgbò), orúkọ ìdílé tó ni ilé, àti ohun tó wà nítòsí, òpó kan ló tó gbogbo rẹ̀. Onízémìjàn, ọlọ́kadà wa, á débẹ̀.

Ṣadé_Pobẹ̀ (Pobẹ̀)

Ẹ jẹ́ ká wá sórí àgò, torí ibẹ̀ lowó wà, ibẹ̀ náà nìjà wà. Ilé ìtura ni mo ti ń ṣe irú ètò yìí. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìgbàlejò méjì kọlu ara wọn nínú àgò kan: tuntun wọlé kí ti àtijọ́ tó jáde, ti àtijọ́ sì wọlé kí tuntun tó jáde. Méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́.

tuntun.wole < atijo.jade AND atijo.wole < tuntun.jade

Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn wò ó bóyá ọjọ́ ìwọlé tuntun bọ́ sáàárín ti àtijọ́. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ṣáájú, tó sì parí lẹ́yìn, tó gbé ti àtijọ́ mì pátápátá, kò ní í hàn sí i. Bí ẹ bá kọ < tí ẹ kò kọ <=, ajá kan lè jáde láàárọ̀ kí òmíràn wọlé lọ́sàn-án. Tí ọ̀gá yín bá fẹ́ kí àgò sùn ní òfìfo lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, ẹ fi ọjọ́ kan kún ìjáde.

PostgreSQL, ètò dátábéèsì mìíràn, lè ṣọ́ èyí fúnra rẹ̀, EXCLUDE ni wọ́n ń pe ohun tó ń ṣe é, kò ní í gbà yín láàyè láti kọ ọ́ rárá. Nínú SQLite, ẹ̀yin lẹ máa fi trigger (àṣẹ tó máa ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ tí ẹ bá kọ ìlà) ṣe é.

Àmọ́ ajá méjì láti agboolé kan náà, tó ti mọra wọn, àgò kan ni wọ́n máa ń fẹ́. Òfin yẹn á lé èkejì síta. Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ kí nọ́ńbà àgò wà nínú ìlà ÌGBÀLEJÒ. Ẹ ṣe tábìlì kẹta, ÌLÒ_ÀGÒ: àgò wo, agboolé wo, láti ìgbà wo dé ìgbà wo. Orí ÌLÒ_ÀGÒ ni kí ẹ ti dènà ìkọlù. Ìlà ÌGBÀLEJÒ á wà fún ajá kọ̀ọ̀kan, á sì máa tọ́ka sí i.

Ọmọ_Àkábà (Kétu)

Ṣadé, àgò méjìlá ni! Kì í ṣe ilé ìtura alájà mẹ́wàá. Òpó "ago" nínú ÌGBÀLEJÒ ti tó, kí ètò béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé bóyá wọ́n jẹ́ agboolé kan náà. Tábìlì kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi kún un, ènìyàn ni yóò kún un lójoojúmọ́, akọ̀wé kan ṣoṣo ló sì wà.

Ṣadé_Pobẹ̀ (Pobẹ̀)

Tí wọ́n bá gbé ajá láti àgò 3 lọ sí àgò 7 lọ́jọ́ kẹrin, torí pé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó sùn? Ẹ ó pa 3 rẹ́, ẹ ó kọ 7. Ta ni yóò mọ̀ pé ó ti wà ní 3 rí?

Dókítà_Ìfọ̀nyìn (Ìfọ̀nyìn)

Èmi fẹ́ mọ̀ pé ó ti wà ní 3 rí. Ọmọ ajá kan ń gbuuru ẹlẹ́jẹ̀, a yẹ̀ ẹ́ wò, parvo ni, àrùn ìfun tó ń ran ajá. Ibi yòówù kó ti kó o, láàárín ọjọ́ bíi mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló kó o. Kòkòrò àìfojúrí yẹn le: ó lè wà lára ilẹ̀ àti ògiri fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọṣẹ lásán kì í pa á, javel, omi tí a fi ń fọ aṣọ funfun, ló ń pa á. Ìbéèrè mi sí akọ̀wé láàárọ̀ ọjọ́ náà ni pé: àgò wo ni ó ti sùn, ta ni ó sùn níbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ta ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn wo nínú wọn ni kò tíì gba àjẹsára tán, kí sì ni fóònù ilé wọn? Kàyé á gba ọjọ́ kan gbáko kó tó dáhùn. Tábìlì tí Ṣadé sọ á dáhùn kí n tó wọ ìbọ̀wọ́ tán.

Ọmọ_Àkábà (Kétu)

Ó dáa, ẹ fi síbẹ̀. Àmọ́ kí ó má lé ní òpó márùn-ún, kí àgò tó wà lórí ojú ẹ̀rọ jẹ́ àwòrán tí ọmọ iṣẹ́ á kàn fi ìka fà láti 3 sí 7, kí ètò fúnra rẹ̀ kọ aago sí i. Tí ẹ bá ní kí wọ́n máa tẹ ọjọ́ àti aago, wọn kò ní í ṣe é.

Dókítà_Ìfọ̀nyìn (Ìfọ̀nyìn)

Kí n tó gbàgbé: oògùn àwọn àlejò. Ajá oníwárápá tó ń lo oògùn lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ wá sùn lọ́dọ̀ yín. Ohun tí dókítà ní kí ẹ fún un jẹ́ tábìlì kan, ohun tí ẹ fún un ní tòótọ́ jẹ́ òmíràn: aago mélòó, ta ló fún un, ṣé ó gbé e mì. Tí ẹ bá fi àmì sí òpó "ó ti lò ó" lásán, gbogbo rẹ̀ á máa jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni títí ajá yóò fi ṣubú lulẹ̀ lóru.

Kọ́ńtábù_Àjàṣẹ́ (Àjàṣẹ́)

Ẹ kò tíì sọ̀rọ̀ owó. Sẹfà kò ní sẹ́ńtì, odidi ni kí ẹ fi pamọ́, ẹ má lo iye tó ní ìdá. Iye tí ẹ gbà fún alẹ́ kan, ẹ dà á kọ sí ìlà fátúrà (ìwé owó) lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ fátúrà náà. Ẹ má jẹ́ kí fátúrà àtijọ́ máa lọ wo iye nínú tábìlì IYE_IṢẸ́, torí ọjọ́ tí ọ̀gá bá fi kún un, gbogbo fátúrà ọdún tó kọjá á fò sókè. TVA, owó orí ọjà, jẹ́ 18 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ kọ ìwọ̀n náà sí ìlà pẹ̀lú. Facture normalisée, fátúrà tí ìjọba ní kí a máa lò, ní kóòdù tirẹ̀, ẹ fi òpó kan sílẹ̀ fún un. OWÓ_SÍSAN gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀ sí FÁTÚRÀ: ẹ̀gbọ́n ní Kútọnu á san díẹ̀ pẹ̀lú MoMo, ìyá àgbà á san ìyókù lọ́wọ́.

Ohun kan tún kù. Orúkọ àti fóònù àwọn èèyàn ni ẹ ń kó jọ. Òfin 2017-20, Code du numérique, ti ọdún 2018 kàn yín, APDP, àjọ tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn, ló ń bójú tó o. Ẹ má ya fọ́tò ìwé ìdánimọ̀ ẹnikẹ́ni tí ẹ kò bá ní ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe.

Akọ̀wé_Wàǹdó (Àjàṣẹ́)

Kọ́ńtábù, ẹ ṣé. Nọ́ńbà fóònù inú kàyé àtijọ́ pọ̀, òǹkà mẹ́jọ ni gbogbo wọn. Mo ti tẹ̀ wọ́n wọlé bẹ́ẹ̀. Ṣé ọwọ́ ni n ó fi tún un ṣe?

Ọmọ_Àkábà (Kétu)

Rárá o. Ẹ kọ́kọ́ da fáìlì náà kọ sórí kílé USB (fláàṣì), kí ẹ wá sọ pé:

UPDATE eniyan SET foonu = '01' || foonu WHERE length(foonu) = 8;

Ẹ yọ àlàfo inú nọ́ńbà kúrò ṣáájú, torí pé ẹni tí wọ́n kọ ní méjì-méjì pẹ̀lú àlàfo kò ní í jẹ́ mẹ́jọ lójú kọ̀ǹpútà. Àwọn oníbàárà yín tó ń lo nọ́ńbà Nàìjíríà kò ní í kàn níbẹ̀, torí tiwọn gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣáà wo nọ́ńbà tó bá kù tí kò jẹ́ mẹ́wàá, ẹ fi ojú ara yín wò wọ́n. Kílé USB yẹn, kí ó máa bá ọ̀gá lọ sílé lálaalẹ́. Ẹ má fi í sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà tí olè lè gbé pọ̀.

BàbáRẹ̀mí (Ṣábẹ)

Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń sọ láti àárọ̀, mi ò kàn fèsì ni. Dókítà, tí n bá ní kí ọmọ mi ṣe irú rẹ̀ fún àgùntàn mi, ṣé ìlà kan fún ẹran kan náà ni? Wọ́n lé ní igba, wọn ò sì lórúkọ.

Dókítà_Ìfọ̀nyìn (Ìfọ̀nyìn)

Bàbá, rárá. Ajá inú ilé ní orúkọ, ó ní ìtàn, ẹnìkan sì wà tó ń sunkún tó bá kú. Agbo ẹran yín, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń gún gbogbo wọn ní abẹ́rẹ́ PPR, àrùn tó ń pa àgùntàn àti ewúrẹ́. Tábìlì AGBO ni kí ọmọ yín ṣe. Ìlà abẹ́rẹ́ á sọ pé: agbo yìí, ọjọ́ yìí, ẹran mélòó ló gbà á, lọ́ọ̀tì wo. Kí ó wá ṣe tábìlì kejì fún ohun tó ń mú iye yí padà: ìbí, ikú, títà, rírà, kí iye tó wà lónìí jẹ́ ohun tí kọ̀ǹpútà ṣírò láti inú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́ wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin àti darandaran yín ẹ ó máa ka ẹran ní ọgbà, ẹ ó fi wé ti kọ̀ǹpútà, ẹ ó sì mọ̀ bóyá ẹran kan ti rìn lọ láìdágbére. Àgbò tí ẹ fi ń gùn àti abo tí ẹ fẹ́ tọ́jú ìran rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi àmì sí létí, kí ẹ ṣí ìlà tiwọn lọ́tọ̀.